Ẹnìkejì Ìràwọ̀ Àgbà

"Yọ gbólóhùn yìí kúrò," ni ọ̀gá wí, ó sì fi ìka tẹ ojú ìwé náà.

"Mi ò ní yọ ọ́, sà," ni obìnrin tó kọ ìwé náà fèsì.

Wọ́n ti lẹ àwòrán kan mọ́ ògiri ọ́fíìsì: ìràwọ̀ ńlá kan tó ti darúgbó, tó wú bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí wọ́n pò sílẹ̀, tó sì ń tú gáàsì ara rẹ̀ sójú ọ̀run. Ká ní ó dá wà ni, gáàsì náà ì bá tàn yí i ká bákan náà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n ńṣe ló ń lọ́ yípo bí èèpo ọsàn tí wọ́n fi ọ̀bẹ bó tí kò já. Obìnrin náà ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìràwọ̀ kejì kan ń yí àgbà náà po, òun ló ń fa gáàsì náà lọ́. Bí ọ̀gá kò bá buwọ́ lù ú, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti wọmi nìyẹn.

"Ṣé o rí ìràwọ̀ kejì ọ̀hún?"

"Mi ò rí i, sà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo rí."

"Ìyá Èéfín!" Ọ̀gá ló sọ ọ́ lórúkọ yìí, nítorí gáàsì tó ń wò látàárọ̀ dalẹ́. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi òwú pupa di apá rẹ̀ kan. "Àgbà lè dá wà kó má ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tójú mi ò bá rí, mi ò ní buwọ́ lù ú."

Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì ṣáájú gbogbo wọn kúrò níbi iṣẹ́.

Tìbínú-tìbínú ni obìnrin náà fi wa ọkọ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó ti pinnu pé opó náà kò ní dá gbé mọ́. Yóò mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, wọn yóò sì ta ilé.

Ìyá jókòó lẹ́bàá fèrèsé. Àga bàbá, tó ti wà ní kọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ báyìí. Ìlẹ̀kùn tó máa ń ké tẹ́lẹ̀ kò ké mọ́. Abẹ́rẹ́ àti òwú pupa wà lórí tábìlì.

"Ìyá Èéfín, jókòó."

"Mi ò jókòó, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ ká kó ẹrù yín. Ẹni tó fẹ́ ra ilé ń bọ̀ lọ́la."

"Sọ fún un kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. Ẹsẹ̀ mi ò kúrò níbí."

"Ẹ ò lè máa dá gbé. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọwọ́ kan ni?"

"Mo mọ̀ pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú yín, Mọ́mì."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọmọ mi, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún ẹ, ṣé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì lo máa ń fi í sílẹ̀ sí ni?"

 Obìnrin náà gbé báàgì òfìfo, ó kọjú sí yàrá láti lọ kó aṣọ.

Kó tó fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn ni wọ́n ti ṣí i látinú, tí ọ̀gá rẹ̀ sì yọ síta pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, tó wolẹ̀, tó sì sọ pé: "Mú ìwé yẹn wá, kí n buwọ́ lù ú."