Àdéhùn Odò

Ààrẹ ń sáré lọ ní ẹ̀yìn ọ́fíìsì bí ọmọ tó fọ́ abọ́ ìyá rẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ gba fáìlì mọ́ra, ó ń sáré tẹ̀ lé e.

"Bàbá, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago méjìlá lù! Ààrẹ ìlú kejì ti wà níbí láti àárọ̀. Ẹ wá fọwọ́ sí àdéhùn pé àwa àtàwọn ó jọ máa pín omi odò tó wà láàárín wa."

"Tí mo bá fọwọ́ sí i, àwọn àgbẹ̀ á lé mi kúrò lórí àga. Tí n ò bá fọwọ́ sí i, àwọn apẹja á lé mi. Tí aago méjìlá bá ti kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Sọ pé inú ń run mí!"

"Inú rírun lẹ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Eyín ni nígbà yẹn!"

Ó yà bàrá síbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí. Ìyá agbálẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fún aṣọ ìnulẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ gbà mí, ẹ fi mí pamọ́!"

Ìyá wò ó tẹsẹ̀ torí. "Ìwọ náà? Ó dáa, bọ́ bàtà ẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ibẹ̀ ni."

Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan ti jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó wọ kóòtù olówó ńlá, kò wọ bàtà. Ààrẹ ìlú kejì ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra sọ̀rọ̀," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Àwọn àgbẹ̀ tèmi burú ju tiyín lọ."

Ó sún díẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ pín korobá náà jókòó, wọ́n ń retí kí aago lù.