Ẹni Tó Fi Ewé Wọn Gbòǹgbò

Ọ̀lẹ ni ọkùnrin yìí, ọ̀lẹ tó sì mọ irọ́ tò. Ibi ìwádìí irúgbìn ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí kò síṣẹ́ tí kì í fi sílẹ̀ lágbedeméjì.

Lọ́dún kan, wọ́n gbin àlìkámà oríṣi méjì sínú ọgọ́ta páìpù gígùn tí yẹ̀pẹ̀ kún inú rẹ̀. Wọn ò bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó la páìpù, kó fọ yẹ̀pẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò, kó wọ̀n ọ́n, kí wọ́n lè mọ èyí tó máa ń wá omi lọ sísàlẹ̀ nígbà ọ̀dá.

Mẹ́ta péré ló fọ̀ tí ẹ̀yìn fi ń ro ó. Oríṣi tí ewé rẹ̀ kéré ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbòǹgbò wọn sì gùn. Ó wo oríṣi kejì tí ewé rẹ̀ pọ̀, tó tutù yọ̀yọ̀, ó ní, "Ṣé gbòǹgbò eléwé kékeré ló gùn báyìí? Tèyí á jù ú lọ dandan!" Ló bá jókòó, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tó wù ú fún ìyókù.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ lo fọ̀?" ọ̀gá rẹ̀ obìnrin bi í.

"Gbogbo ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n gba iye tó kọ gbọ́, wọ́n sì pín irúgbìn eléwé púpọ̀ fáwọn àgbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó fi owó oko rán an níléèwé, gbìn ín sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. "Ọwọ́ àbúrò mi ló ti wá," ó ní, "kí ni mo fẹ́ bẹ̀rù?" Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀ fẹ́ sọ fún un pé kó gbin díẹ̀ ná, àmọ́ àṣírí á tú. Ó gbé e mì.

Òjò kọ̀, kò rọ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á lé e bá. Gbogbo oko náà kú. Ẹ̀gbọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lójú Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó bu yẹ̀pẹ̀ jáde.

"Ilẹ̀ ṣì tutù nísàlẹ̀. Gbòǹgbò ò débẹ̀ ni. Àbúrò mi, ṣé o wọ̀n ọ́n?"

Omi bọ́ lójú Ó-Tó-Bẹ́ẹ̀, ó sì jẹ́wọ́.

Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́, wọ́n lé e níṣẹ́. Èyí ò dùn ún tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ta ilẹ̀ bàbá wọn, tó ń ro oko olóko lọ́jọ́ ogbó. Bó bá lọ kí i, ẹ̀gbọ́n á wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Báyìí ló ṣe títí ẹ̀gbọ́n fi kú.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn: iṣẹ́ tẹ́ ẹ ò ṣe, ẹ má sọ pé ẹ ti ṣe é. Ẹni tó gbà yín gbọ́ jù ni ìyà rẹ̀ máa kọ́kọ́ jẹ, ẹkún yín ò sì ní lè tún un ṣe.