A Kì í Gbé Ọjà Kọjá Omi

"Ẹ gbọ́ mi yé, bàbá! A kì í gbé ọjà dé erékùṣù."

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé tí obìnrin tó ń gba ìpè nílé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ń sọ ọ́. Ọ̀gá rẹ̀ dúró tì í, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òní ni yóò yan igbákejì rẹ̀ nínú àwọn tó ń gba ìpè.

"Màdáámù, ẹ ṣàánú wa. Ẹ̀rọ tí ìyàwó mi á fi máa mí ni, kì í ṣe aṣọ. Ẹ gbé e dé èbúté, màá wá gbà á."

"A kì í gbé e dé èbúté. Ṣé ẹ ò lẹ́nì kankan nígboro ni?"

"Mo lọ́mọ kan níbẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí kò gbé ìpè wa. Ìyá rẹ̀ ń mí bí ẹni gun òkè, bẹ́ẹ̀ orí ibùsùn ló wà."

Ọ̀gá wo aago.

"Kò sóhun tí mo lè ṣe. Ó dàbọ̀, bàbá."

"Ó dáa, Àbíkẹ́yìn," ni bàbá wí pẹ̀lẹ́. "Ohùn rẹ ò yí padà. Màá sọ fún ìyá rẹ pé ara rẹ le."

Ìpè já.

Òun náà ti dá ohùn bàbá rẹ̀ mọ̀ látorí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ níbi iṣẹ́, ó sì ti sọ fún gbogbo ará ibẹ̀ pé ìgboro ni wọ́n bí òun sí, àwọn ará erékùṣù ni wọ́n sì fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́.

"O káre," ni ọ̀gá wí. "Ta ló ń jẹ́ Àbíkẹ́yìn?"

"Ó ṣì mí pè ni, sà."

Ó gba ìpè tó kàn.