Korobá Àárín

"Ẹ tú u sílẹ̀," ni olùkọ́ yunifásítì wí, ó ṣí ìwé rẹ̀.

Àdìó tó ni àgbò tú okùn lọ́rùn àgbò àkọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ àgbò mẹ́rin yìí ní ọjà Alaba Rago: korobá ọ̀tún ní èèpo ẹ̀wà, ti òsì ṣófo. Lónìí, olùkọ́ gbé korobá kan ṣoṣo sí àárín. Àgbò tó bá sáré lọ síbẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó ń retí ire. Èyí tó bá dúró, ìbànújẹ́ ló ń bá a jà.

Ọ̀la ni Iléyá, ṣùgbọ́n ìwádìí ò mọ ọlidé.

Àgbò àkọ́kọ́ sáré bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Olùkọ́ kọ ọ́: "Inú dídùn."

"Ara eléyìí yá gágá," ni ìyàwó sójà kan tó ń wá àgbò wí. "Òun ni mo fẹ́." Wọ́n gbé e sínú búùtù Pijó.

Èkejì sáré. Inú dídùn. Oníbàárà mìíràn fà á lọ. Ẹ̀kẹta náà ò pẹ́.

"Mádàámú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kó korobá yín lọ," ni Àdìó wí fún olùkọ́. "Ogún àgbò tí mi ò tíì tà ṣì wà lẹ́yìn yẹn."

Wọ́n tú ẹ̀kẹrin. Ó wo korobá, ó wo èèkàn mẹ́ta tó ṣófo, ó rọra padà lọ dùbúlẹ̀ sídìí tirẹ̀. Oníbàárà tó ń wò ó mirí, ó kọjá lọ.

"Ìbànújẹ́," ni olùkọ́ kọ. Ó wo àgbò náà títí, ó fi ìlà pa ohun tó kọ, ó wá kọ "Ọgbọ́n."