Orin Tó Ń Júwe Odò

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó balẹ̀ sẹ́nu ihò Òkété.

Orin kan ṣoṣo ló ń júwe odò fáwọn ẹran igbó. Àràárọ̀ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ń lé e: "Ọ̀tún lọ̀nà odò." Gbogbo wọn á gbè é: "Jẹ̀ńrẹ̀kẹ́."

Ara ń ta Òkété. "Ṣé Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló lẹ́nu ni?" Ó kọ́ orin náà sórí, kò sì lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ mọ́.

Lọ́jọ́ tí ọdẹ dẹ takúté sọ́nà ọ̀tún, Ọ̀kẹ́rẹ́ yí orin sí òsì. Ìyàwó Òkété sáré délé: "Baálé mi, orin ti yí o."

Ó ní, "Tèmi ò yí."

Ó yan lọ sọ́tùn-ún, takúté gbá a mú. Ó lé orin rẹ̀ kíkankíkan, kí wọ́n lè wá gbà á.

Ẹtù gbọ́ ọ létí odò. Ó ní, "Ta ló tún ń kọ orin àná?"

Kò sẹ́ni tó gbè é.