Abẹ́rẹ́ Màámi

Nọ́ọ̀sì tún fi aṣọ tútù nu iwájú orí ìyá rẹ̀. Ara ìyá ṣì ń gbóná bí ààrò.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù l'Ádó. Mọ́tò ti wà níta."

"Kí n lọ ṣe kí ni? Ṣebí ìwọ lo sọ níwájú gbogbo ìjọ pé tí ara bá gbóná lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀fìnkìn, ká má bẹ̀rù, oògùn ló ń ṣiṣẹ́. N ò kúrò nínú ulé mi."

"Ọjọ́ méjì ni mo sọ, Màámi. Èyí ti di ọjọ́ kẹfà."

"Oògùn tèmi ló lágbára."

Ìyá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ikọ́ ò jẹ́. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ náà, ìyá ló kọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n ìyàwó alága káńsù tó dé gbẹ̀yìn ló gba ìwọ̀nba oògùn tó kù nínú ìgò. Ojú ti nọ́ọ̀sì láti dá ìyá rẹ̀ padà sílé l'Ìyìn lásán. Abẹ́rẹ́ òfìfo ló fi gún un.

Ó lanu láti jẹ́wọ́. Ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọwọ́ rẹ mà fúyẹ́ o, ọmọ mi. N ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí oògùn wọlé."