Ilẹ̀kùn Kò Mọ Àgbà

Ìyá ọkọ Fadékẹ́mi wá wò ó nígbà àkọ́kọ́, Fadékẹ́mi sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ níta. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ọkọ rẹ̀ ní, ṣùgbọ́n àlejò kan ò le há wọn mọ́. Ó ku ilẹ̀kùn. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de kọ́kọ́rọ́, Gẹ̀ẹ́sì tó pé nìkan ni ilẹ̀kùn ń gbọ́: "this" fún ẹnì kan, "these" fún ọ̀pọ̀.

Ṣé ẹnu òun ló máa pe ìyá ọkọ ní "this woman", bí ẹni ń bá olè wí? Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni Fadékẹ́mi. Ó fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún wọn: "Open for these women."

Ilẹ̀kùn ní ẹnì kan lòun rí, àwọn yòókù dà?

Ojú Màmá yí padà. "Ìyàwó, ta ló sọ fún ilẹ̀kùn yìí?"

"Sọ kí ni, Mà?"

Màmá ti kọjú sí mọ́tò tó wà lábẹ́ igi. "Ẹ máa bọ̀ jàre. Ẹ̀rọ yìí ti rí yín."

Àbúrò Màmá márùn-ún bọ́ sílẹ̀ tẹnítẹní, tìkòkòtìkòkò. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

Màmá gbá Fadékẹ́mi mọ́ra. "O mọ̀ pé a pọ̀, o ṣì ní kó ṣílẹ̀kùn. Irú ìyàwó tí mò ń wá nìyí."